Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Sùkúrù àti Nọ́ọ̀tì fún Ẹgbẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì Ilé-Ẹ̀kọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ wa, tí wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlá. Ní ọdún tó kọjá, a ra àpótí sùkúrù alápapọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn òbí kan náà sì kó èyí tó wà nílé wọn ránṣẹ́ sí wa. Inú garawa kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà báyìí. Bí ọmọ kan bá fẹ́ de mọ́tò mọ́ férémù, ó lè lo ogún ìṣẹ́jú kí ó tó rí sùkúrù mẹ́rin tó bára mu, nígbà tó bá sì rí wọn tán, kò ní rí nọ́ọ̀tì tó gbà wọ́n. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti fún wa ní owó díẹ̀ láti fi ra tuntun kí ìdíje tó ń bọ̀ tó dé. Irú èwo ni kí a rà? Mélòó ni kí a rà? Níbo ni a ti lè rí wọn, báwo sì ni a ó ṣe tọ́jú wọn tí wọn kò fi ní padà sínú garawa?
Olùkọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Bí mo ti ka lẹ́tà yín, ó hàn sí mi pé kì í ṣe àìtó sùkúrù ni ìṣòro yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó wà nínú garawa yẹn ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé oríṣi wọn ti pọ̀ jù, tí kò sì sí oríṣi kan tó pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ tó ní oríṣi sùkúrù mẹ́fà péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì pọ̀ dáadáa, yóò tètè parí iṣẹ́ ju ẹgbẹ́ tó ní ogójì oríṣi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó mú owó àwọn òbí lọ sọ́jà, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ fẹnu kò lórí ìwọ̀n méjì tí ẹ ó máa lò, kí gbogbo ihò tí wọ́n bá lu láti ọjọ́ náà lọ sì máa tẹ̀lé ìpinnu yẹn. Sùkúrù tó wà nílẹ̀ ni kó máa sọ bí a ó ṣe ya àwòrán rọ́bọ́ọ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ni a kọ́kọ́ yà tán kí a tó máa wá sùkúrù tó bá a mu kiri, garawa náà yóò tún kún.

Ìwọ̀n méjì tí mo gbà yín níyànjú láti mú ni M3 àti M4. Lẹ́tà M dúró fún ètò ìwọ̀n mẹ́tíríìkì, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e sì ni bí ara sùkúrù náà ṣe nípọn tó ní mílímítà. M3 ni ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré ń gbà, títí kan mọ́tò NEMA 17 tí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú rẹ̀ fi mílímítà 31 jìnnà síra wọn. Òun náà ni ihò ara Arduino Uno, pátákó kékeré tí a fi ń darí rọ́bọ́ọ̀tì, ń gbà. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń wà lára ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, M3 tó gùn ni a fi ń dè é. M4 ni kí ẹ fi de férémù àti apá rọ́bọ́ọ̀tì, nítorí ó lágbára tó fún ẹ̀rọ tí ọmọ méjì lè gbé, ihò rẹ̀ kò sì tóbi débi tí yóò jẹ alumíníọ̀mù tínínrín run. Bí ẹ bá ń lo Raspberry Pi, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, ihò tirẹ̀ kò ju mílímítà 2.7 lọ, M2.5 ló sì bá a mu. Ẹ ra ogún péré, kí ẹ dì wọ́n pọ̀ mọ́ pátákó náà, kí wọ́n má ṣe wọ inú àpótí gbogbogbòò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá rí ohun èlò rọ́bọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́ REV gbà, irú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lò nínú ìdíje FIRST Global tó bẹ̀rẹ̀ ní Washington ní ọdún 2017, M3 ló ń bá férémù rẹ̀ wá, kò sì ní da ètò yín rú. Ti ilé-iṣẹ́ VEX ni ó yàtọ̀, nítorí sùkúrù 8-32 ti ìlànà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, kò sì gbọdọ̀ bá M4 yín pàdé nínú àpótí kan náà.

Ẹ jẹ́ kí ihò náà bá ìpinnu yín mu. Ihò tí M3 yóò gba inú rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 3.2 tàbí 3.4, ti M4 sì jẹ́ 4.5. Bí ó bá jẹ́ pé ara irin náà ni ẹ fẹ́ gbẹ́ eyín sí, ìyẹn ilà tó ń yí po bíi ti ara sùkúrù, kí sùkúrù lè dè mọ́ ọn láìsí nọ́ọ̀tì, bíìtì 2.5 ni ti M3, 3.3 sì ni ti M4. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sára ògiri níbi tí ẹ̀rọ ìlù-ihò wà.

Gígùn ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù. Nígbà tí ẹ bá rí M4 × 16, mílímítà 16 ni láti abẹ́ orí rẹ̀ dé ẹnu rẹ̀, àyàfi sùkúrù olórí pẹrẹsẹ tó máa ń rì bọ inú ohun tí a fi dè, èyí tí a máa ń ka orí rẹ̀ mọ́ gígùn. Báyìí ni a ṣe ń mọ gígùn tó yẹ: ká ní alumíníọ̀mù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 3 ni ẹ fẹ́ dè pọ̀, ìyẹn 6, wáṣà M4 jẹ́ 0.8; nọ́ọ̀tì onínáílọ́nù, èyí tó ní òrùka náílọ́nù lẹ́nu, jẹ́ 5; ó sì yẹ kí eyín méjì yọ jáde lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi 1.4. Gbogbo rẹ̀ di 13.2, a ó sì ra 16. Bí alumíníọ̀mù náà bá jẹ́ mílímítà 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 11.2 ni yóò jẹ́, 12 yóò sì gbà á. Nípa ìṣirò yìí, M4 × 12 àti M4 × 16 yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín, M4 × 30 díẹ̀ yóò sì wà fún oríkèé apá àti ibi tí táyà ti ń yí. Ní ti M3, ẹ mú 8 fún mọ́tò àti pátákó, 12 fún ibi tí nọ́ọ̀tì yóò wà, àti 30 fún mọ́tò aláwọ̀ ìyeyè.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa M3 × 8 àti mọ́tò, nítorí mo ti rí mọ́tò tó bàjẹ́ lọ́nà yìí, ó sì dùn mí. Ihò ojú NEMA 17 kì í sábà jìn ju mílímítà 4.5 lọ. Bí irin tí ẹ fi gbé mọ́tò náà bá jẹ́ mílímítà 3, sùkúrù 8 yóò wọlé ní mílímítà 5, ẹnu rẹ̀ yóò sì kan ìsàlẹ̀ ihò kí orí rẹ̀ tó di irin náà mú. Ọmọ náà yóò rò pé kò tíì fún, yóò tún fi agbára kún un, eyín inú mọ́tò yóò sì jẹ. Wáṣà méjì lábẹ́ orí sùkúrù náà tó láti gbà á. Àwọn mọ́tò mìíràn tún wà tí ihò wọn là já sínú, tí sùkúrù tó gùn jù yóò lọ fi ẹnu kan jíà tàbí wáyà, nítorí náà kí àwọn ọmọ fi igi tínínrín wọn bí ihò ti jìn tó kí wọ́n tó mú sùkúrù.

Ní ti orí, ẹ mú irú kan ṣoṣo, ìyẹn èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó bí agolo, tó sì ní ihò onígun mẹ́fà fún kọ́kọ́rọ́ alẹ́ẹ̀nì. Kọ́kọ́rọ́ 2.5 ni ti M3, 3 sì ni ti M4, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn tí ẹgbẹ́ yín nílò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí ẹ bá da irú tí orí rẹ̀ rí bíi bọ́tìnnì pọ̀ mọ́ ọn, 2 ni M3 yóò máa gbà, 2.5 ni M4 yóò máa gbà, ọmọ tí ń kánjú yóò sì ki kọ́kọ́rọ́ tó kéré bọ orí tó tóbi, yóò sì jẹ ẹ́ di róbótó. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó yẹn ra kọ́kọ́rọ́ tó dára, ó kéré tán márùn-ún nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí igun rẹ̀ ti jẹ ló ń ba orí sùkúrù jẹ́ jù lọ.

Irin tí kì í dípàárà dára lójú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì yín kò ní sùn nínú òjò. Bí a bá sì fi ẹ̀rọ ìdè onínábátìrì yára yí nọ́ọ̀tì tí kì í dípàárà sórí sùkúrù tí kì í dípàárà, eyín wọn lè gé ara wọn, kí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ títí tí a ó fi gé e. Yàtọ̀ sí èyí, òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ fa irú irin bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òòfà tí a so mọ́ igi ni ohun tó yá jù láti fi kó sùkúrù nílẹ̀ yàrá iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Sùkúrù dúdú tí a kọ 12.9 sí lórí ni mo fẹ́ràn fún yín. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé agbára ìfàjá irin náà tó 1,200 mẹ́gápásíkà, orí rẹ̀ sì le débi pé kì í tètè jẹ.

Mélòó ni? Ẹ ka ihò, ẹ má ṣe méfò. Férémù onígun mẹ́rin tí a fi pèlébé alumíníọ̀mù dè lókè àti nísàlẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, tí pèlébé kọ̀ọ̀kan sì gba sùkúrù mẹ́rin, yóò gba 32. Bí apá rẹ̀ bá gba 12, M4 ti di 44. Mọ́tò mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mẹ́rin jẹ́ 16. Pátákó mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, jẹ́ 12. M3 di 28. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń fi mẹ́ta ṣe ìlọ́po rẹ̀: ìdá kan wà lára rọ́bọ́ọ̀tì, ìdá kan wà lára èyí tí àwọn ọmọ ń dán wò lórí tábìlì, ìdá kẹta sì ni ti èyí tó sọnù àti èyí tí a óò lò ní ọjọ́ ìdíje. Nítorí pé a kò mọ gígùn tí àwọn ọmọ yóò lò jù, ẹ ra 100 nínú M4 × 12, 100 nínú M4 × 16, 100 nínú M3 × 8, 100 nínú M3 × 12, àti 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó gùn. Kí nọ́ọ̀tì onínáílọ́nù ju sùkúrù tó nílò rẹ̀ lọ, nítorí òun ló ń tètè sọnù, náílọ́nù inú rẹ̀ sì ń jẹ bí a bá ń tú u léraléra: 300 fún M4, 200 fún M3, pẹ̀lú iye wáṣà kan náà.

Ní ti ọjà, ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, bóyá ti Ararọ̀mí ní Àgodi Gate níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, nọ́ńbà sípánà ni wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀tì, kì í ṣe nọ́ńbà M. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fún òun ní “nọ́ńbà 8” yóò gba èyí tí sípánà 8 ń tú, M5 sì ni ìyẹn. “Nọ́ńbà 10” wọn ni M6, “nọ́ńbà 13” sì ni M8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sípánà 12 ni àwọn ọkọ̀ Japan kan ń lò fún M8 kan náà. Ní ètò yìí, nọ́ọ̀tì M4 jẹ́ “nọ́ńbà 7”, M3 sì jẹ́ 5.5. Ẹ mú àpẹẹrẹ sùkúrù àti nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ lọ, kí ẹ sì dán an wò níwájú ọlọ́jà. Ẹ má retí púpọ̀ níbẹ̀, nítorí ohun tó kéré ju M5 ṣọ̀wọ́n lọ́jà ọkọ̀.

M3 wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, irú àwọn tó kún Computer Village ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀: oríṣi sùkúrù méjì ló wà lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, M3 àti 6-32 ti Amẹ́ríkà, ìkejì yìí sì fẹ̀ tó mílímítà 3.5. Wọ́n máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ike kan. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò iná, sùkúrù tí wọ́n fi ń de sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri jẹ́ M3.5, kò bá M3 mu, kò sì bá M4 mu, mo sì fura pé ó wà nínú garawa yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò ronú kàn ni ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò káfíńtà: sùkúrù tí a fi ń de ìmú dúrọ́ọ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń jẹ́ M4. Bí àkókò bá wà, ẹ ra èyí tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àpò-àpò, oríṣi kan nínú àpò kan. Ẹ má tún ra àpótí alápapọ̀ mọ́, nítorí mẹ́wàá-mẹ́wàá inú rẹ̀ ni ó bí ìṣòro yín.

Ìtọ́jú wọn kò nílò owó ńlá. Ike aísìkíriìmù mẹ́fà tó ní ìdérí tó fún tó iṣẹ́ náà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ sùkúrù kan mọ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ tí kò tíì mọ nọ́ńbà lè fojú mọ̀ ọ́n. Nínú ike kọ̀ọ̀kan, ẹ di bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ so ó pa, kí ẹ sì gbé e sí ìsàlẹ̀. Ìlànà ibẹ̀ ni pé ọmọ tó bá tú ọ̀rá yẹn gbọ́dọ̀ sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó túmọ̀ sí pé àkókò ti tó láti ra òmíràn. Báyìí ni ẹ kò ní máa ka sùkúrù ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá di dandan láti kà wọ́n, ẹ wọn ogún lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ tó wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n ogún yẹn pín in, kí ẹ sì fi ogún ṣe ìlọ́po èsì rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: ẹ mú pèlébé alumíníọ̀mù kan, kí ẹ gbẹ́ eyín M3 sí ihò kan lára rẹ̀ àti M4 sí òmíràn, kí ẹ kọ orúkọ wọn sí i, kí ẹ sì fi okùn so ó mọ́ tábìlì. Sùkúrù tí a bá rí nílẹ̀, tí kò bá wọ ọ̀kan nínú ihò méjèèjì pẹ̀lú ìka lásán, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ yín. Pèlébé yẹn ni kí àwọn ọmọ fi ṣa garawa náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn M3 àti M4 inú rẹ̀ yóò wọ ike. Àwọn yòókù, ẹ dá wọn padà fún mẹkáníìkì yín pẹ̀lú ọpẹ́. Kí garawa náà kúrò nínú yàrá iṣẹ́ pátápátá, nítorí bí ó bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ tó rẹ̀ yóò máa lọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ tó ń kópa nínú ìdíje FIRST Robotics ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, èmi náà sì máa ń lọ bá wọn to ohun èlò ní ọjọ́ Sátidé. Sùkúrù 10-32 ni wọ́n ń lò jù, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti da M5 sínú rẹ̀. Ojú mi kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, nọ́ọ̀tì ọ̀kan sì ń wọ ara ìkejì. Ṣé ó léwu, àbí kí a máa lò wọ́n bẹ́ẹ̀?
Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Houston

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ó léwu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. 10-32 nípọn ní íǹṣì 0.190, ìyẹn mílímítà 4.83, M5 sì jẹ́ 5. Eyín 32 ló wà nínú íǹṣì kan 10-32, tó túmọ̀ sí pé mílímítà 0.794 ló wà láàárín eyín kan àti ìkejì. Ti M5 jẹ́ 0.8. Ìdí nìyẹn tí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ọ̀tì M5 yóò wọ 10-32 wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni eyín wọn fi kan ara wọn, bí rọ́bọ́ọ̀tì bá sì forí gbá ògiri pápá ìdíje, ó lè yọ pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. Bí a bá yí i padà, nọ́ọ̀tì 10-32 lórí M5 yóò lọ díẹ̀, yóò há, ọmọ tó bá sì fi tipátipá yí i yóò ba méjèèjì jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wọn gan-an kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí 5/32 íǹṣì tí 10-32 ń gbà jẹ́ mílímítà 3.97, 4 sì ni M5 ń gbà.

Nọ́ọ̀tì ni yóò tú àṣírí wọn. Ti 10-32 fẹ̀ ní 3/8 íǹṣì, ìyẹn mílímítà 9.5, ti M5 kò sì ju 8 lọ. Sípánà 8 kan lọ́wọ́ yín yóò ya àwọn nọ́ọ̀tì sọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní ti sùkúrù, ẹ fi káálípà wọn ara rẹ̀: èyí tó bá lé ní 4.85 jẹ́ M5. Ẹ wo orí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí sùkúrù mẹ́tíríìkì sábà máa ń ní nọ́ńbà bíi 8.8 tàbí 12.9 lórí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣà wọ́n tán, ẹ bá olùdarí ẹgbẹ́ sọ ọ́ kí M5 má ṣe wọ inú ilé iṣẹ́ wọn mọ́ rárá. Ìwọ̀n kejì tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò, 1/4-20, kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí mílímítà 6.35 ni, ó sì hàn gbangba pé kì í ṣe M6.

Ìdààmú yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1841 ni Joseph Whitworth dábàá ìwọ̀n kan fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí igun eyín rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 55. Ní 1864, William Sellers dábàá tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú igun 60. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nọ́ọ̀tì orílẹ̀-èdè kan kò wọ sùkúrù ìkejì, ìyẹn ló sì mú kí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà fọwọ́ sí àdéhùn ìwọ̀n kan náà ní 1948. Inú ètò oní-íǹṣì yẹn ni 10-32 wà títí di òní, àwọn orílẹ̀-èdè tó kù sì ti bá ti mẹ́tíríìkì lọ. Kí ẹ má ṣe dá ọmọ kankan lẹ́bi pé ó da méjèèjì pọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ SS2 ni mí ní Òṣogbo. Bí rọ́bọ́ọ̀tì wa bá ti rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ọ̀tì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí a fi súpà gúlúù sí i. Ẹlòmíràn ní kí a ra wáṣà onísípíríǹgì. Èwo ni kí a ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó fi gúlúù sí i. Súpà gúlúù le, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fọ́. Gbígbọ̀n tó ń tú nọ́ọ̀tì yín ni yóò fọ́ òun náà sí wẹ́wẹ́. Wáṣà onísípíríǹgì pàápàá kò ṣe tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Ní ọdún 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerhard Junker fi hàn pé ohun tó ń tú nọ́ọ̀tì jù lọ ni bí àwọn irin tí a dè pọ̀ ṣe ń yọ̀ síwá sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́, irú wáṣà yẹn kò sì lè dá ìyọ̀ náà dúró.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ọ̀tì lásán ni ẹ ń lò. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fi onínáílọ́nù rọ́pò rẹ̀. Òrùka náílọ́nù wà lẹ́nu rẹ̀ tó máa ń fún sùkúrù lọ́rùn, nítorí náà kò ní tú kódà bí ó bá dẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí náílọ́nù wà ni kó kọjú síta, eyín sùkúrù méjì sì gbọ́dọ̀ yọ kọjá rẹ̀. Bí ẹnu sùkúrù kò bá dé inú náílọ́nù, bí ẹni pé ẹ kò lò ó ni. Nígbà tí o bá lè fi ìka nìkan yí i dé òpin, náílọ́nù rẹ̀ ti jẹ, mú òmíràn. Ihò tó tóbi jù náà wà lára ohun tó ń fa ìyọ̀ tí mo sọ: bí ẹ bá fi bíìtì 6 lu ihò tí M4 yóò wọ̀, irin yóò máa rìn nínú rẹ̀ bó ti wù kí nọ́ọ̀tì fún tó.

Ibi tí kò sí ààyè fún nọ́ọ̀tì, irú bí ojú mọ́tò, ni gúlúù sùkúrù aláwọ̀ búlúù wà fún. Loctite 243 ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀kán kan tó. Nu òróró kúrò lára eyín náà kí o tó fi sí i, kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó gbẹ tán. Má ra aláwọ̀ pupa, nítorí iná ni a fi ń yọ́ ọ kí ó tó tú. Má sì jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn kan ike ABS tàbí polycarbonate, nítorí ó máa ń mú kí wọ́n sán.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti fún, mú ọ̀dà èékánná, kí o fa ilà tínínrín kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ti rìn tán, wo àwọn ilà náà. Èyí tó bá ti yà kúrò lójú kan ni ó ti ń tú, òun nìkan ni ìwọ yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ kàn. Ṣe é lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà tí rọ́bọ́ọ̀tì bá forí gbá nǹkan, kí o sì tún un ṣe nígbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbi ìdíje, nítorí ojú ọ̀nà wa máa ń gbọ̀n ọ́n ju pápá ìdíje lọ.